Ọkọ̀ Kan Náà Ni Gbogbo Wa Wọ̀

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ Ayé, Aṣàkẹ́ Ọ̀run.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, Ànọ́bì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) pa òwe kan fún wa, Imam Bukhari sì gbà á wá. Àwọn ènìyàn kan jọ wọ ọkọ̀ ojú omi; àwọn kan wà lókè, àwọn kan wà nísàlẹ̀. Bí òùngbẹ bá gbẹ àwọn ti ìsàlẹ̀, ọ̀dọ̀ ará òkè ni wọ́n ń gbà kọjá lọ pọn omi. Ni wọ́n bá ní kí àwọn kúkú lu ihò sí ìpín tiwọn, kí àwọn má baà yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Bí ará òkè bá fi wọ́n sílẹ̀, gbogbo wọn ni yóò rì. Bí wọ́n bá di ọwọ́ wọn mú, gbogbo wọn ni yóò là.

Ẹ jẹ́ kí á fi òwe yìí wo ayé òde òní. Èédú inú ilẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Enugu láyé ọjọ́un, bí wọ́n bá sun ún, èéfín rẹ̀ ń mú kí ayé gbóná sí i. Ooru yìí ń da òjò rú, ó sì ń mú kí òkun kún. Ẹni tó ń wà á lè sọ pé orí ilẹ̀ òun ni òun wà. Ṣùgbọ́n èéfín kò mọ ààlà. Ihò inú ọkọ̀ nìyẹn.

Báwo ni a ó ṣe di ọwọ́ mú? Àwọn kan nínú wa rò pé igi àti òkúta ni. Àwọn mìíràn ní kí á kàn máa ṣe àdúà. Àdúà dára, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ tún gbé ẹ̀rí dé iwájú adájọ́.

Ní àfonífojì Gloucester ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ilé-iṣẹ́ kan fẹ́ wa èédú mílíọ̀nù 21 tọ́ọ̀nù. Nígbà tí wọn kò fún un láṣẹ ní 2017, ó gba ilé-ẹjọ́ lọ. Àwọn ará ìlú tọrọ àyè nínú ẹjọ́ náà, wọ́n sì mú onímọ̀ wá jẹ́rìí nípa ooru ayé. Ilé-iṣẹ́ náà ní bí òun kò bá wà á, ẹlòmíràn yóò wà á. Adájọ́ Brian Preston kò gba àwáwí yẹn ní 8 February 2019. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ wà á.

Ní agbègbè Lamu, ilẹ̀ Mùsùlùmí àtayébáyé ní Kenya, wọ́n fún ilé-iṣẹ́ kan láṣẹ ní 2016 láti kọ́ ilé iná mànàmáná tí yóò máa jó èédú sí etí òkun níbẹ̀. Àwọn apẹja àti ará ìlú pe ẹjọ́. Ní 26 June 2019, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ wọ́gi lé àṣẹ náà: wọn kò gbọ́ tẹnu ará ìlú bó ti yẹ, wọn kò sì ka òfin ojú-ọjọ́ ti 2016 sí. Ilé-iṣẹ́ náà pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ṣùgbọ́n ní 2025 ilé-ẹjọ́ Malindi fi ìdí ìdájọ́ náà múlẹ̀. Ẹ ò rí i pé sùúrù ni!

Ẹnìkan lè bi wá pé: iṣẹ́ ńkọ́? Iná ńkọ́? Ìbéèrè òdodo ni. Ẹ má gbàgbé pé òùngbẹ ń gbẹ ará ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ní tòótọ́. Ẹni tó di ọwọ́ wọn mú tí kò fún wọn lómi kò tíì ṣe tán. Nítorí náà, bí a bá ń kọ ohun tó ń ba ayé jẹ́, kí á wá ọ̀nà iṣẹ́ àti iná mìíràn pẹ̀lú.

Nínú Suratun-Nisai, ẹsẹ 135, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí á dúró ṣinṣin ti ẹ̀tọ́, kí á jẹ́rìí òdodo, kódà bó bá ta ko àwa fúnra wa. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ nípa òfin. Bí wọ́n bá pe ìpàdé lórí ilẹ̀ ìlú wa, kí á lọ. Kí á ka ìwé kí àwọn àgbà wa tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ọ̀dọ́ tó lè kàwé tó sì dákẹ́, kí ni yóò wí lọ́jọ́ Àlùkìyáámà?

Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kí ọkọ̀ yìí rì mọ́ wa lórí. Kí Ó fún wa ní ahọ́n òdodo àti ọkàn sùúrù. Àmín.