Wíwádìí Àìsàn Kì í Ṣe Pípè É

Ní Manchester níhìn-ín, àwọn obìnrin kan máa ń mú lẹ́tà ilé ìwòsàn wá bá àwa awo. Lẹ́tà náà ń pè wọ́n fún àyẹ̀wò ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ, èyí tí ìjọba ń ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni ọdún 25 sí 64. Wọ́n á ní: "Bàbá, ara mi le. Bí mo bá lọ wá jẹjẹrẹ kiri, ṣé kì í ṣe pé mo ń pè é?"

Ìbéèrè gidi ni. Ìṣẹ̀ṣe kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ lágbára, a kì í sì í fẹnu pe ibi. Ṣùgbọ́n bí a bá bímọ, ṣebí a máa ń ṣe ẹsẹ̀ntáyé? Ọmọ náà kò ṣàìsàn, síbẹ̀ a béèrè ohun tó ń bọ̀. Bí ibi bá yọjú, a kì í sọ pé Ifá ló mú un wá. A ó dúpẹ́ pé a tètè gbọ́, a ó sì rúbọ.

Bẹ́ẹ̀ ni àyẹ̀wò yìí rí. Kòkòrò HPV ni wọ́n ń wá. Harald zur Hausen, ará Jámánì, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2008 nítorí pé ó fi hàn pé kòkòrò yìí ló ń fa jẹjẹrẹ náà. Ní Greater Manchester kan náà, láti 2001, obìnrin tó lé ní 24,000 kópa nínú ìwádìí ARTISTIC, láti mọ bí wíwá kòkòrò náà ṣe wúlò tó.

Rírí kòkòrò kì í ṣe rírí jẹjẹrẹ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ara fúnra rẹ̀ ló ń lé e lọ. Bí kò bá lọ, ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó di jẹjẹrẹ, dókítà sì lè mú ibi tó ti ń yí padà kúrò ṣáájú. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Èyí tó ti di jẹjẹrẹ kì í ṣe iṣẹ́ àgbo nìkan. Ní 1938, ní ìlú yìí, Margaret Tod àti Meredith gbé ọ̀nà jáde tí a ó fi máa wọn rédíọ̀mù fún ìtọ́jú rẹ̀, kó lè pa àrùn láì ba ara tó kù jẹ́ kọjá ààlà. Àwa tí a mọ̀ pé ewé ní ìwọ̀n, ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin awo ẹgbẹ́ wa, bí obìnrin bá ń rí ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, ẹ má dá a dúró. Kó pe dókítà láì retí lẹ́tà kankan. Bí ọkọ bá sì gbé èsì HPV wá pé ká sọ ẹni tí ìyàwó òun bá lò pọ̀, ká má gbà. Kòkòrò náà lè fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún; kì í ṣe ẹ̀rí àgbèrè.

Kò yẹ ká máa bi Ifá bóyá kí obìnrin lọ tàbí kó má lọ. Kó lọ. Ohun tó yẹ ká bi Ifá ni ẹbọ tí yóò rú kí ọ̀nà rẹ̀ lè là. Kí Ọ̀ṣun tọ́jú àwọn ìyá wa. Àṣẹ.