Ìrètí Nígbà Ìrẹ̀wẹ̀sì

Ìrẹ̀wẹ̀sì a máa dé bá onígbàgbọ́ pàápàá. Ẹ jẹ́ kí a rántí Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni a kó o lẹ́rú ní Òṣoògùn. Òun tìkára rẹ̀ kọ ọ́ ní 1837 pé, nígbà tí ẹ̀rù ń bà á kí a má tà á fún àwọn Potogí, òun fẹ́ gba ẹ̀mí ara òun lóru, ṣùgbọ́n ọkàn òun kò gbà á. Ní Èkó wa yìí ni a ti kó o sínú ọkọ̀ ní 1822. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀. Ní 1846 ó tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ní 1848 ìyá náà ṣe ìrìbọmi.

A kò wí pé Ọlọ́run ni ó dá òwò ẹrú sílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ènìyàn ni. Ṣùgbọ́n ọmọdékùnrin tí ń sunkún lóru náà kò lè rí 1846. Bí ojú wa kò tó òpin ọ̀nà, ojú Ọlọ́run tó o. Nítorí náà, ará Èjìgbò tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, má ṣe fi òkùnkùn òru dá ẹjọ́ ọ̀la. Sọ ọ́ fún Ọlọ́run, sọ ọ́ fún ará pẹ̀lú. Kí àwa náà má sì ṣe fi ọ́ sílẹ̀ ní ìwọ nìkan.