Ǹjẹ́ Ó Tọ́ Kí A Fi Ìyà Ẹlòmíràn Ṣeré?

Kò sí ọmọdé tí kò fi iyẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀ nínú agolo rí. Bí ó ti ń ro ó lọ́wọ́, ìyálé ilé ni, kì í ṣe ọmọ ọdún márùn-ún mọ́. Bí a bá ti ń dàgbà ni wọ́n ń sọ fún wa pé kí á fi irú eré bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n irú eré kan wà tí àgbàlagbà pàápàá ń jókòó ṣe fún wákàtí mẹ́ta, tí ojú kò sì tì wọ́n. Mo fẹ́ràn eré náà púpọ̀. Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí n kò lè gbójú fò: ǹjẹ́ ó tọ́ kí á fi ìyà tó jẹ ẹlòmíràn ṣeré?

Role-playing game ni àwọn òyìnbó ń pè é. Èmi yóò pè é ní eré àfarawé orí tábìlì. Ènìyàn mẹ́ta sí márùn-ún yóò jókòó yí tábìlì ká. Olúkúlùkù yóò di ẹni tí kì í ṣe òun, yóò máa sọ ohun tí ẹni náà ṣe àti ohun tó wí, gbogbo wọn yóò sì jọ máa hun ìtàn kan títí yóò fi parí. Kò sí ẹni tó há ọ̀rọ̀ sórí. Bí ọ̀rọ̀ bá le, dáìsì tàbí káàdì ni yóò sọ ibi tó máa já sí. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Iléeṣẹ́ ńlá ló ni ín lónìí. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí mo lè pè ní eré olómìnira. Ẹnì kan tàbí méjì ló jókòó sílé kọ wọ́n, tí wọ́n sì ń tà wọ́n fúnra wọn. Lasers & Feelings tí John Harper kọ ní ọdún 2013 kò ju ojú ìwé kan ṣoṣo lọ.

Irú àwọn eré kéékèèké yìí ni èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta máa ń ṣe ní ọjọ́ Sátidé ní ilé wa ní Lẹ́kkí Phase 1. Ohun tó kọ́kọ́ fà wá mọ́ra ni pé kò ná wa lówó. Ìwé, pẹ́ńsù àti káàdì ti tó. Bí wọ́n bá mú iná lọ, eré ń tẹ̀síwájú. Èkejì, bí òfin kan kò bá bá wa lára mu, a lè yí i padà, àwọn tó kọ eré náà kò sì ní bínú. Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù lójú mi. Ọ̀kan nínú wa wà tí kì í la ẹnu ní kíláàsì. Nídìí tábìlì yìí, ó di ìyálọ́jà, ó parí ìjà àwọn aláta méjì, gbogbo wa sì dákẹ́ gbọ́ ọ.

Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò máa bẹ̀rù pé irú eré yìí lè fa ọmọ wọ inú òkùnkùn. Irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ ba ọ̀pọ̀ òbí ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1980 sí 1989. Ẹ̀rù yẹn kọ́ ló ń bà mí. Tèmi yàtọ̀.

Eré olómìnira tí mo fẹ́ràn jù ni The Quiet Year, tí Avery Alder gbé jáde ní ọdún 2013. Nínú rẹ̀, gbogbo wa la jọ jẹ́ ìlú kan. A óò tẹ́ ìwé funfun sórí tábìlì, a óò sì máa ya ìlú náà sórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Páálí káàdì 52 tí wọ́n ń tà lọ́jà ló ń darí eré náà, ọ̀sẹ̀ kan ni káàdì kọ̀ọ̀kan dúró fún. Ẹni tó bá kàn yóò ṣí káàdì, yóò sì pinnu ohun kan fún ìlú, àwọn tó kù kò sì gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ kò bá dùn pé wọn kò fi ọ̀rọ̀ lọ òun yóò mú òkúta wẹ́wẹ́ kan, yóò fi í síwájú ara rẹ̀. Káàdì ọba kan wà nínú káàdì ìgbà òtútù. Ìgbà tó bá jáde, àwọn àlejò kan dé láti ìta, eré sì parí lójú ẹsẹ̀. Òfin eré náà kò sọ ohun tí wọ́n wá ṣe.

Lọ́jọ́ kan, a pinnu pé Màrókò ni ìlú tí a óò yà. Bí ènìyàn bá ń wakọ̀ láti Lẹ́kkí Phase 1 lọ sí Victoria Island, ẹ̀gbẹ́ ibi tí Màrókò wà ni yóò gbà kọjá, ṣùgbọ́n kò ní rí i. Ní oṣù Keje ọdún 1990, lábẹ́ ìjọba ológun Rájí Ràsákì, gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó nígbà náà, wọ́n fún àwọn ará ibẹ̀ ní ọjọ́ méje péré kí wọ́n kó kúrò. Lẹ́yìn náà ni katapílà dé. Nǹkan bí 300,000 ènìyàn ló di aláìnílé. Ìdí tí ìjọba sọ ni pé ilẹ̀ náà rẹlẹ̀, pé omi lè bò ó. Wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí àwọn ilé ìjọba ní Ìlàsàn, Ìkòtá àti Ẹ̀pẹ́. Ilé olówó ńlá ló wà lórí ilẹ̀ ọ̀hún báyìí.

A ya ọ̀sà, a ya òkun, a ya ọjà, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. A fi òfin kan kún un: bí káàdì ọba bá jáde, kí olúkúlùkù sọ ohun mẹ́ta tí òun yóò gbé jáde nílé. A dárúkọ owó, sáátífíkéètì, fọ́tò, oògùn màmá àgbà. Omi lé sójú ọ̀rẹ́ mi kan.

Ìyá kan wà tó ń ta oúnjẹ fún àwọn tó ń kọ́lé ní àdúgbò wa. Ọmọ Màrókò ni, kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ nígbà náà. Mo sọ eré wa fún un.

"Owó àti sáátífíkéètì? Ó dáa o," ni ó wí. "Ìyá tèmi, ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ yọ."

"Ilẹ̀kùn kẹ̀, mà?"

"Ilẹ̀kùn, àti páànù. Ibi tẹ́ ẹ bá ń lọ ńkọ́, ṣé ẹ ò ní í tìlẹ̀kùn níbẹ̀ ni? Ta ló máa ra òmíràn fún yín? Orí ilẹ̀kùn yẹn la sùn fún oṣù mẹ́ta nílé àbúrò bàbá mi." Ó ṣí ìkòkò, ó ro ọbẹ̀. "Nígbà tẹ́ ẹ ṣeré yẹn tán, kí lẹ wá ṣe?"

"A jẹun ni, mà."

Ó rẹ́rìn-ín. Kò bínú rárá.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Ibi tí eré parí sí ni ìtàn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Káàdì ọba jáde, a dìde, a lọ bu ìrẹsì. Lójú tirẹ̀, oṣù mẹ́ta orí ilẹ̀kùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Kò sí bí a ṣe lè kọ òfin eré náà dáadáa tó tí yóò mú èyí kúrò, nítorí ẹni tó ń ṣeré lè dìde nígbàkígbà. Àwọn àgbà wí pé ẹni ìjà ò bá ní í pe ara rẹ̀ lọ́kùnrin. Ewu tó wà nínú eré yìí nìyẹn: kí omi ojú wákàtí mẹ́ta mú wa rò pé a ti mọ ohun tó jẹ́.

Ẹnì kan lè wí pé ti orí ìtàgé ńkọ́? Ṣebí eré ni Hubert Ògúndé náà fi ìyà àwọn òṣìṣẹ́ ṣe nínú Strike and Hunger, lẹ́yìn ìdaṣẹ́sílẹ̀ ọdún 1945? Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà sì ká ìjọba amúnisìn lára. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó wò ó wà lára àwọn tí ebi ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà pa. Bí òṣèré bá ṣì í ṣe, ojú wọn ló ti ṣì í, wọ́n á sì sọ ọ́. Tábìlì tiwa kéré, ó sì wà lẹ́yìn géètì. Kò sí òǹwòran. Àwọn tí ìtàn kàn kò sí níbẹ̀ láti sọ pé "kò rí bẹ́ẹ̀".

Àwọn tó ń ṣe eré yìí ní àṣà rere kan. Wọ́n ń fi káàdì tí wọ́n kọ X sí sí àárín tábìlì. John Stavropoulos ló dá a sílẹ̀. Ẹni tí ìtàn bá ń bà lọ́kàn jẹ́ yóò fọwọ́ kàn án, wọn yóò sì yí ìtàn padà láì béèrè ìdí. Mo gba ti àṣà yìí. Ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó nìkan ló ń dáàbò bò.

Ṣé kí á má ṣe é mọ́ ni? Ọ̀rẹ́ mi kan sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìyà oníyà kì í ṣe ohun ìṣeré. N kò gbà fún un tán. Bí a kò bá ya Màrókò, n kì bá tí ní ìbéèrè kankan láti bi ìyá olóúnjẹ, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni mo ń kí i. Dídákẹ́ nípa ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ènìyàn kì í ṣe ọ̀nà láti bọ̀wọ̀ fún un. Èrò tèmi ni pé ó tọ́ kí á fi ìyà ẹlòmíràn ṣeré, bí a bá gbà pé ìbéèrè ni eré náà jẹ́, tí a sì gbé ìbéèrè náà tọ ẹni tó lè dáhùn lọ. Bí a bá fi í ṣe ìdáhùn, a ti fi ènìyàn ṣẹ̀sín.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ tó bá fẹ́ mú irú eré yìí wọ kíláàsì, ẹ mú un wá, ó dára ju ká há déètì sórí lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ wá ẹnì kan tí ọ̀rọ̀ náà ṣojú rẹ̀, kí ó wá bá yín sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá bi yín léèrè ta ló ń gbé ibi tí ilé yín wà kí ẹ tó kọ́ ọ, ẹ má lé e. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ ya ìlú yín, ẹ ṣí káàdì yín. Bí káàdì ọba bá jáde, ẹ jẹun tán, kí ẹ sì lọ béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.