Orí Ni Àbí Ọwọ́?

L'Ọ́fà, ìyá mi kì í fẹ́ rí wa nídìí kaló-kaló. Ó ní ẹ̀rọ náà ń jẹ owó, kò sì sí ohun tí ọwọ́ lè ṣe sí i.

Àfi bí mo ṣe dé Chicago, níbi ìpàtẹ pinball tí wọ́n ti ń ṣe láti 1985, tí mo dúró ti Xenon, ẹ̀rọ ọdún 1980 tí ohùn obìnrin ń ti inú rẹ̀ jáde bí ará ayé mìíràn. Bọ́ọ̀lù irin já bọ́ láàárín apá méjì tí à ń fi gbá a padà. Mo ní, “Orí ni.” Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní, “Bọ̀dá, ẹ má dá orí lẹ́bi. Ẹ pẹ́ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ ni.”

Ẹ̀yin òǹkàwé, ta ló jàre? New York fòfin de pinball ní 1942 pé tẹ́tẹ́ ni. Lóòótọ́, 1947 ni apá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ara rẹ̀. Ní 1976, níwájú ìgbìmọ̀ ìlú, Roger Sharpe sọ ibi tí bọ́ọ̀lù yóò gbà, ó fà á, ó sì gbabẹ̀. Wọ́n mú òfin kúrò. Ọmọ ìlú ìjàkadì ni mí. Ẹni tí wọ́n dá tó ń pe orí, ẹ̀rín la fi ń rín in. Ṣùgbọ́n Sharpe fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé oríire wà níbẹ̀.

Mo tún fà á. Mo tètè tẹ̀ ẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Àárín náà ló tún gbà.