Ẹ̀bi Aṣọ́lé

Nínú àwọn mọ́kànlá tí ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹnì kan ṣoṣo ni àṣìṣe rẹ̀ kì í fara pamọ́. Bí ẹni iwájú bá gbá bọ́ọ̀lù sí òfo lẹ́ẹ̀mẹrin, tí ó sì jẹ góòlù lẹ́ẹ̀karùn-ún, akọni ni a ó pè é. Ṣùgbọ́n bí aṣọ́lé, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní kípà, bá mú mẹ́rin, tí ẹ̀karùn-ún sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, gbogbo ọjà ni yóò gbọ́. Ǹjẹ́ ìdájọ́ òdodo ni èyí bí?

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn Peter Rufai, tí a bí ní 1963, tí ó sì kú ní Èkó ní ọjọ́ 3 oṣù Keje, 2025. Kì í ṣe àjèjì sí wa ní ìhà Ìkẹjà àti Agége. Ọba Ìdímù ni bàbá rẹ̀, Ìdímù kò sì jìnnà sí wa. Nígbà tí bàbá náà wàjà, tí ọ̀rọ̀ oyè délẹ̀ ní 1998, Rufai kò gbà á. Ẹnu ilé tí ó ń ṣọ́ ni ó padà sí. (Bóyá ó yẹ kí ọmọ ọba ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.) Láti inú ẹgbẹ́ Stationery Stores ti Èkó, ó gbá bọ́ọ̀lù dé ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Bẹ́ljíọ́ọ̀mù, Họ́lándì, Pọ́túgà àti Sípéènì. Ìgbà 65 ni ó ṣọ́lé fún Nàìjíríà. Ó wà níbẹ̀ nígbà tí a borí Sáḿbíà ní Tùnísíà ní oṣù Kẹrin, 1994, tí a gba Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Òun fúnra rẹ̀ tilẹ̀ gbá pẹnáritì kan wọlé sí àwọ̀n Etiópíà ní 1993.

Ẹ wá wo oṣù Kẹfà ọdún 1998, ní ilẹ̀ Faransé. Ní ọjọ́ 13, ní ìlú Nantes, Sípéènì ti fi góòlù méjì sí ẹyọ kan ṣíwájú wa. Garba Lawal gbá bọ́ọ̀lù wá láti ẹ̀gbẹ́, Andoni Zubizarreta, aṣọ́lé Sípéènì, na ọwọ́ sí i, ó sì tì í sínú àwọ̀n ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Sunday Oliseh jẹ góòlù kẹta. Gbogbo wa jó. Àgbà tí ó gbá bọ́ọ̀lù fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ nígbà 126 di ẹni ẹ̀rín ní ojú wa láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọjọ́ 15 péré lẹ́yìn rẹ̀, Dẹ́nmáàkì jẹ góòlù mẹ́rin sí ẹyọ kan wa. Bọ́ọ̀lù kan tí Rufai fi ọwọ́ tì kò lọ jìnnà, Brian Laudrup sì gbá a wọlé. Ẹkún kan ilé tiwa náà.

Ẹ̀kọ́ ìwà rere tí a kọ́ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ àlùfáà sọ pé ìmọ̀ àti ìfẹ́ inú ni a fi ń wọn ẹ̀bi, kì í ṣe ìwọ̀n àdánù nìkan. Àdánù lè tóbi kí ẹ̀bi kéré. Ọkùnrin méjì lè ṣe àìfarabalẹ̀ kan náà: bọ́ọ̀lù ti èkínní lu òpó, ti èkejì wọlé. Èwo ni ó jẹ̀bi jù nínú wọn? Ẹṣin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń kọsẹ̀, áḿbọ̀sì ènìyàn ẹlẹ́sẹ̀ méjì.

Ẹnì kan yóò dá mi lóhùn pé, “Fadá, ẹni tí ó gba iṣẹ́ ìṣọ́ ti gba ẹ̀bi rẹ̀ pẹ̀lú.” Òótọ́ ni. Ẹni tí ń ṣọ́ ààrò búrẹ́dì ní Agége kò lè sùn kí ó sì ní kí a má bi òun. A lè mú un kúrò ní ipò náà bí kò bá tún lè ṣe é mọ́. Ohun tí n kò rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni pé kí a fi òru kan ṣoṣo pa gbogbo òru yòókù rẹ́, kí a sì dá owó ọdún mẹ́wàá tí ó ti fi òógùn rẹ̀ gbà dúró. Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀gbà àti Oregun mọ ohun tí mò ń sọ. Kò sí ẹni tí ń ka òru tí olè kò wá, gẹ́gẹ́ bí a kì í ti í ka bọ́ọ̀lù tí a mú. Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì ṣọ́lé nígbà tí ó wà ní ọmọdékùnrin ní Wadowice, ní Pólándì. Mo rò pé òun yóò mọ̀ ọ́n.

Ohun kan tún wà tí a máa ń gbàgbé. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ aṣọ́lé, ó ti kọjá lára àwọn mẹ́wàá mìíràn. Bí olè bá fọ́ ilé-iṣẹ́, ọlọ́dẹ ni a kọ́kọ́ ń mú lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ògiri ẹ̀yìn tí ó ti wó láti ìgbà òjò, tí ọ̀gá ní kí wọ́n fi sílẹ̀ ná nítorí owó, kò sí ẹni tí ó mú un lọ síbì kan.