Ta Ni Ó Ni Ara Ọmọ Tí Ó Ń Bàlágà?

 

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́hun lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ìbéèrè kan wà tí àwa òbí kì í sábà bi ara wa. Bàbá ni ó ń fi owó oúnjẹ sílẹ̀, ìyá ni ó ń sè é, ọmọ ni ó sì ni ẹnu tí ó ń jẹ ẹ́. Bí ara ọmọ náà bá wá bàjẹ́, ọwọ́ ta ni Ọlọ́hun yóò ti béèrè rẹ̀?

Ẹ̀sìn wa ti là á sílẹ̀ pé a gbé kálàmù kúrò lórí ọmọdé títí yóò fi bàlágà. A mọ èyí dáadáa tí ó bá kan ti ìrun. Àwa náà ni a máa ń jí wọn ní àsùbáà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ìgbà tí ohùn ọmọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í ki, tí ọmọbìnrin sì rí nǹkan oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́, ni kálàmù bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àkókò kan náà ni Ọlọ́hun yàn fún ìdàgbà ara àti fún ìjíhìn, èmi kò sì rò pé ó ṣe kòńgẹ́ lásán. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹni tí a sọ di olùjíhìn yìí kò tíì ní àpò owó. Ohun tí a bá gbé ka iwájú rẹ̀ ni yóò jẹ. Àmánà ni ara rẹ̀, ohun tí a gbà fi pamọ́, ó sì wà ní ọwọ́ méjì: ti òbí àti ti ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ọwọ́ òbí. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní Amẹ́ríkà ṣírò pé ọ̀dọ́langba nílò mílígíráàmù 1,300 kálísíọ̀mù lóòjọ́, èròjà tí ń mú egungun le; 1,000 ni ó tó bàbá rẹ̀ tí ó jẹ́ ẹni ogójì ọdún. Ní ti èròjà irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ọmọkùnrin ọdún 14 sí 18 nílò mílígíráàmù 11. Ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ nílò 15, nítorí ẹ̀jẹ̀ tí ó ń lọ lára rẹ̀ lóṣooṣù. Bàbá ilé ńkọ́? Mẹ́jọ péré ni.

Ẹ wá fi èyí wé àwo ọbẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé wa. Ẹran tí ó tóbi jù ń lọ sọ́dọ̀ bàbá, èyí tí ó tẹ̀ lé e ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọkùnrin, ọmọbìnrin tí ó bá ìyá rẹ̀ se ọbẹ̀ náà ni yóò fi ọmọ ìka nu ìkòkò. Ẹni tí ara rẹ̀ ń béèrè jù ni ó ń rí gbà kéré jù. Èmi kò ní kí a má bọ̀wọ̀ fún bàbá, ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún wa pé inú ẹran ni ọ̀wọ̀ ń gbé? A tún ń sọ pé ẹyin àti ẹran a máa kọ́ ọmọ ní olè jíjà. Lójú tèmi, àìtó ni àwọn tí ó ṣáájú wa fi ọ̀rọ̀ yẹn bò mọ́lẹ̀, kí ọmọ má baà sunkún. Àwa tí a lè ra kéréètì ẹyin ṣì ń sọ ọ́.

Ànábì kọ̀ láti ṣe ẹlẹ́rìí ẹ̀bùn tí bàbá Nu'man ọmọ Bashir fún un, nígbà tí kò fún àwọn ọmọ rẹ̀ yòókù ní irú rẹ̀. Bí ìṣègbè nínú ẹ̀bùn bá burú tó bẹ́ẹ̀, ti oúnjẹ ńkọ́? Ẹni tí kò ní owó ẹran, Ọlọ́hun kò di ẹrù tí ó ju agbára lọ ru ẹnikẹ́ni: ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, wàrà, àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ọsàn tí a jẹ mọ́ ẹ̀wà a máa jẹ́ kí ara rí irin inú rẹ̀ gbà. Tíì a máa dí i lọ́wọ́. Ní ti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ìgò 50cl kan lè ní ṣúgà tí ó tó ṣíbí tíì 12. Haláàlì ni, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ọlọ́hun so haláàlì pọ̀ mọ́ ohun tí ó dára, ìdajì àṣẹ náà ni a sì ń bi ẹni tí ń ta ọjà.

Ó ku ọwọ́ ọmọ. Ọ̀dọ́ ni Abdullah ọmọ Amr nígbà tí ó ń gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́ tí ó sì ń fi gbogbo òru kírun. Ànábì dá a lẹ́kun, ó jẹ́ kí ó mọ̀ pé ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀. Bí a kò bá gbà kí ìjọsìn gan-an jẹ ẹ̀tọ́ ara, ṣé ẹ̀fẹ̀ ni yóò wá jẹ ẹ́? Àwọn ọmọbìnrin kan wà láàárín wa tí wọ́n ń gba ààwẹ̀ Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè, tí ó sì jẹ́ pé kí wọ́n lè di lẹ́pa ni. Ọmọ mi, àníyàn ni Ọlọ́hun ń wò. Ebi lásán ni èyí. Ṣùgbọ́n kí a tó bá a wí, ẹ jẹ́ kí a béèrè ẹni tí ó pè é ní ọ̀rọ̀bọ̀. Nínú ilé ni ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀, láti ẹnu ẹ̀gbọ́n, nígbà mìíràn láti ẹnu ìyá. Suratul Hujuraat, aayah 11, kọ orúkọ ìnagijẹ tí ń dunni fún wa, kò sì yọ ti inú ilé sílẹ̀.

Bí ọmọbìnrin yín bá ń rẹ̀ ṣáá, tí ó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí ó bá gun àtẹ̀gùn, tí inú ìpéǹpéjú rẹ̀ sì funfun, ẹ má ṣe pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti alẹ́ òní, bí ẹ bá ń pín ẹran, láti ọ̀dọ̀ rẹ̀.