ÀṢÀRÒ ÀÁRỌ̀: ÈÉFÍN Ẹ̀YÌN ỌKỌ̀

 

Bíbélì kíkà: Mátíù 15:10-20

Ẹ̀yin àgbà inú wa ò ní gbàgbé Volkswagen tí a ń pè ní Ìjàpá. Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó pọ̀ ní Èkó nígbà náà. Àwọn kan ṣì ń kẹ́ tiwọn dòní. Wọ́n á nù ún títí á fi máa dán bíi dígí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣáná sí i: èéfín dúdú kìjikìji lẹ́yìn!

Ẹlòmíì á sáré ra sàlẹ́ńsà tuntun. Sàlẹ́ńsà kọ́ ló ń ṣe èéfín, ọ̀nà ló kàn jẹ́ fún un. Ẹ wo kabúrétọ̀, níbi tí epo àti afẹ́fẹ́ ti ń pàdé. Tí a bá fi òṣùwọ̀n wọ̀n wọ́n, afẹ́fẹ́ bíi 14.7 ló yẹ kó bá epo 1. Bí fílítà afẹ́fẹ́ bá dí, tàbí tí ṣọ́ọ̀kì bá há tí kò ṣí mọ́, epo á pọ̀ jù, kò ní jó tán, á wá di èéfín dúdú. (Tó bá jẹ́ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó, kabúrétọ̀ ò mọwọ́ mẹsẹ̀ níbẹ̀ o.)

Ohun tí Jésù ń sọ níbi tí a kà nìyẹn: inú ọkàn ni ohun tó ń ti ẹnu jáde ti ń wá. Bàbá tó jágbe mọ́ ìyàwó láàárọ̀, tó dé ṣọ́ọ̀ṣì tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo èèyàn, sàlẹ́ńsà tuntun ló rà yẹn. Ariwo ti rọlẹ̀, èéfín ṣì ń jáde.

Èyí tó bani lẹ́rù jù ni carbon monoxide tó wà nínú èéfín ọkọ̀. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Bí páìpù ẹ̀sọ́ọ̀sì bá jò tó sì wọnú ọkọ̀, ó lè pa èèyàn lójú oorun. Àwọn ilé kan wà tí ẹnì kankan kì í pariwo níbẹ̀. Ṣe ni wọ́n kàn ń yan ara wọn lódì. Àwọn ọmọ ń fà á símú.

Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ dí ibi tó ń jò, torí ẹ̀sọ́ọ̀sì tó ń jò máa ń ta páú-páú téèyàn bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, a ó sì máa rò pé kabúrétọ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló máa jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa, kó tó máa yí síkúrù díẹ̀díẹ̀, kó máa tẹ́tí sí i. Kì í tún un ṣe ní tútù. Àdúrà ìṣẹ́jú méjì tí a fi ń sáré jáde nílé, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Awakọ̀ kì í sì í rí èéfín ara rẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń rí i. Lónìí, ẹ bi ọkọ yín, aya yín, tàbí ọmọ yín: "Kí lẹ ń rí lẹ́yìn mi?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí ìdáhùn.

Àdúrà: Olúwa, tú inú mi wò lónìí. Bẹ̀rẹ̀ látorí ohùn tí mo fi ń bá ará ilé mi sọ̀rọ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.